Ta Ni À Ń Kun Ilé Ìdáná Wa Fún?

  Ẹ̀yin òbí wa ní ilẹ̀ òkèèrè, bí ẹ ti ka àkọlé ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní, "Kí ni obìnrin yìí ń wí? Owó ilé ń bẹ nílẹ̀, owó iná ń bẹ nílẹ̀, ó wá ń béèrè àwọ̀ ilé ìdáná." Ẹ ní sùúrù fún mi. Iṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ìdílé ni mo ń ṣe. Iṣẹ́ náà a sì máa gbé mi wọ ilé onílé láti Woolwich dé Plumstead, Abbey Wood àti Thamesmead. Bí mo bá wọlé, wọn a ní kí n jókòó ní pálọ̀. Èmi a sì bẹ̀ wọ́n pé kí á jókòó sí ilé ìdáná bí àyè bá wà níbẹ̀, nítorí pé ohun tí a fẹ́ kí àlejò rí ni à ń kó sí pálọ̀. Ilé ìdáná ni ìdílé ń gbé gan-an. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní ṣàpèjúwe ilé ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n irú ilé ìdáná mẹ́ta kan wà tí mo ti bá pàdé lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọn kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Irú kìíní ni èyí tí gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Kọ́bọ́ọ̀dù funfun, táìlì funfun, ògiri funfun, òkúta dídán tí wọ́n fi ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù náà funfun. Owó ńlá ni wọ́n ná sí i, ó sì rẹwà lójú. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀, ẹ kò ní gbóòórùn alùbọ́sà, ẹ kò ní gbóòórùn irú, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í dáná níbẹ̀. Ìyá ilé ti gbé sítóòfù gáàsì sínú ahéré pákó tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ni ó ti ń dín ata, níbẹ̀ ni ó ti ń ro àmàlà ní oṣù kìíní ọdún pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, kí epo má baà ta sí ara ohun funfun. (Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá wà lára àwọn tí ń ṣe èyí, ẹ má ṣe dáná gáàsì nínú ahéré tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Èéfín kan wà tí kò ní òórùn, tí kò sì ṣeé fojú rí, tí ó sì ń pa ènìyàn.)

Irú kejì ni èyí tí ó ṣì wà ní àwọ̀ tí wọ́n bá a. Ẹ mọ àwọ̀ náà. Magnolia ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Kì í ṣe funfun, kì í ṣe pupa, ó dà bí ògì tí a da mílíìkì díẹ̀ sí. Òun ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń kun ilé tí wọ́n fẹ́ fi háyà, nítorí pé kì í bí ẹnikẹ́ni nínú, kì í sì í dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Ìdílé náà lè ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 14 láìkan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri. Bí mo bá béèrè ìdí, wọn yóò ní, "A kò ní pẹ́ lọ sílé." Lẹ́yìn náà ni bàbá yóò mú fóònù jáde láti fi ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkòròdú tàbí ní Mowé hàn mí. Táìlì ilé ìdáná rèé. Kọ́bọ́ọ̀dù rèé, ó pọ́n bí osùn. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì se omi gbígbóná níbẹ̀ rí, àwọn ọmọ tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò sì tíì fi ojú kàn án.

Irú kẹta ni aláwọ̀ eérú. Èyí wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé gíga tuntun tí ó wà létí odò ní Woolwich, lórí ilẹ̀ Royal Arsenal níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1967. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Woolwich àti Abbey Wood ní ọdún 2022, ọ̀rọ̀ iye tí ilé ń lọ kì í kúrò lẹ́nu wa mọ́. Ẹni tí ń bá ni ta ilé ti sọ fún wọn pé àwọ̀ eérú ni ó yá títà. Nítorí náà, ògiri jẹ́ eérú, kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ eérú, ilẹ̀ pàápàá jẹ́ eérú. Nígbà tí ojú ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù náà bá sì wá dì bí eérú, ìdílé kan yóò máa jẹun bí ẹni tí ó jókòó sínú ìkùukùu.

Ẹ wò ó dáadáa. Àlejò ni wọ́n kun ti àkọ́kọ́ fún. Ilé tí a kò tíì dé ni ó gba owó àti ọkàn tí ó yẹ kí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì gbà. Ẹni tí wọn kò mọ̀, tí yóò wá ra ilé náà ní ọjọ́ iwájú, ni wọ́n kun ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta fún. Nínú gbogbo wọn, ta ni ó ro ti ọmọ tí yóò jẹun níbẹ̀ ní alẹ́ òní?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń fi ìka nù àwọn ẹlòmíràn. Ilé ìdáná funfun ni èmi náà kọ́kọ́ ṣe. Mo ti rí i nínú ìwé ìròyìn, ó sì wọ̀ mí lójú. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 7 nígbà náà, ó sì fẹ́ràn láti máa dúró tì mí bí mo bá ń se oúnjẹ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó fẹ́ bá mi bu ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, abọ́ dojú dé, epo pupa sì fọ́n sí ara ògiri láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí súwìṣì iná wà. Ohun tí mo sọ sí ọmọ náà ní ọjọ́ yẹn, n kò ní kọ ọ́ síbí. Mo fi ọṣẹ fọ ògiri, ó di àwọ̀ ọsàn. Mo tún un fọ̀, ó ràn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá wà nídìí iná, ọmọ mi kì í wọlé mọ́. Yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà, yóò sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá òun lè wọlé. Ó ti di àlejò nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ká ní ilé ẹlòmíràn ni mo ti rí i, n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: àwọ̀ tí kò ní jẹ́ kí á lè dáná oúnjẹ wa pẹ̀lú àwọn ọmọ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọ̀ tí kò bá ilé wa mu ni, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Níbo ni àwọn ọmọ wa ti ń gbọ́ Yorùbá ní ilẹ̀ yìí? Wọn kì í gbọ́ ọ níléèwé, wọn kì í gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Ìdí iná ni wọ́n ti ń gbọ́ "bá mi mú omorogùn," "ata ti ń jó," "tọ́ ọ wò, ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?" Bí a bá lé ọmọ kúrò nídìí iná nítorí ògiri, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí a bá a lé jáde.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ kì í ṣe ti Yorùbá. Òótọ́ ni pé nínú ilé ìdáná àwọn ìyá ìyá wa, èéfín ni ó kun ògiri. Ògiri alámọ̀, ààrò olókùúta mẹ́ta, àjà tí wọ́n ń sá ẹja àti àgbàdo sí lókè iná. Gbogbo rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin, ẹnikẹ́ni kò sì bínú sí epo tí ó bá ta sí i. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn kan náà mọ àwọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n ń ya àwòrán sí ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, pẹ̀lú funfun, dúdú àti pupa, àwọn onímọ̀ sì ti kọ ìwé lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ iye ìgbà tí ó yẹ kí aṣọ wọnú ìkòkò aró kí ó tó dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Bí a bá dárúkọ àlàárì, sányán àti ẹtù fún àgbàlagbà kan, àwọ̀ mẹ́ta ni ó rí lójú ẹsẹ̀: pupa tí ó jinlẹ̀, àwọ̀ ara òwú sílíìkì inú igbó, àti aró tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Àwa pẹ̀lú tí a wà níhìn-ín ńkọ́? A lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ ẹbí, bóyá kí gèlè jẹ́ elésè àlùkò tàbí kí ó jẹ́ àwọ̀ ewé, fún ayẹyẹ tí yóò parí ní wákàtí márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ fún ẹni tí ń ṣe ilé ìdáná tí a ó lò fún 20 ọdún pé, "Èyíkéyìí tí ẹ bá ní."

Bí ó bá ṣe ti ilé ìdáná ìgbàlódé ni, àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò fi àwọ̀ ṣeré. Ní ọdún 1926, ní ìlú Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, obìnrin ayàwòrán ilé kan tí ń jẹ́ Margarete Schütte-Lihotzky ṣe ètò ilé ìdáná kékeré kan fún àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n kọ́. Àwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kun àwọn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, nítorí pé àwọn onímọ̀ ìgbà náà ní eṣinṣin kì í fẹ́ bà lé ohun tí ó bá jẹ́ búlúù. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni. Ohun tí ó wù mí níbẹ̀ ni pé ìyọnu ẹni tí yóò dúró nídìí síńkì ni ó wò kí ó tó yan àwọ̀. Àléébù ilé ìdáná náà ni pé ó há. Ènìyàn kan ṣoṣo ni ó gbà, ọmọ kò ráyè dúró níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ tí Parker Morris ṣe alága rẹ̀ gbé ìwé jáde ní ọdún 1961, wọ́n sì ní kí ilé ìdáná ní àyè tí ènìyàn lè jókòó jẹun. Ìlànà ìgbìmọ̀ yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń kọ́ Thamesmead. Bí tábìlì bá gba ilé ìdáná yín, ẹ má ṣe gbé e jáde nítorí àṣà tuntun. Ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gé ẹ̀fọ́.

Mo dárúkọ Thamesmead. Ó yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀dà níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Omíyalé ọdún 1953 ti kọ́ ìjọba lọ́gbọ́n, nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ ilé àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ó wà nísàlẹ̀, òkè ni àwọn ènìyàn ń gbé. Kọnkéré ńláńlá tí wọ́n dà ní ilé-iṣẹ́ ni wọ́n tò jọ. Ọdún 1968 ni ìdílé àkọ́kọ́ kó wọ Coralline Walk, èyí tí wọ́n ti wó báyìí láti kọ́ ilé tuntun. Ògiri kọnkéré a máa tutù. Bí a bá ń se ẹ̀wà fún wákàtí méjì, tí a sì ti pa fèrèsé dé nítorí òtútù, ooru omi yóò lọ bá ògiri tútù náà, yóò di omi, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ àmì dúdú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní kọ̀rọ̀. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó ń fà á. Òjò lè máa jò wọlé, páìpù lè ti bẹ́, ilé lè má ní ihò afẹ́fẹ́ tí ó tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé a ó ra ọ̀dà, a ó sì kùn ún mọ́lẹ̀ kí àlejò tó dé. Àwọn kan tilẹ̀ ń yan àwọ̀ dúdú fún kọ̀rọ̀ náà kí ó má baà hàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjì kan wà ní ìlú Rochdale, Awaab Ishak ni orúkọ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Sudan. Bàbá rẹ̀ ti fi ẹjọ́ ògiri tí ó bu sùn ní ọdún 2017, kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé kí ó fi ọ̀dà kùn ún. Ọmọ náà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ẹni tí ó ṣe ìwádìí ikú rẹ̀ kéde pé ohun tí ń hù lára ògiri ilé wọn ni ó ba èémí ọmọ náà jẹ́ tí ó fi kú. Òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ England ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Bí ilé yín bá jẹ́ ti káńsù tàbí ti ẹgbẹ́ onílé tí ń pèsè ilé fún ará ìlú, tí ọ̀rinrin àti ohun dúdú yìí bá sì le tó láti pa yín lára, wọ́n gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10; bí ewu náà bá jẹ́ ti pàjáwìrì, wákàtí 24 ni òfin fún wọn. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́, ẹ má ṣe fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ọmọ bá ń wúkọ́. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́wọ́ onílé aládàáni ni ẹ ti háyà, káńsù ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọn yóò bá wọn bínú, pàápàá àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn kò tíì parí. Ẹ lọ bá àwọn agbani-nímọ̀ràn ní àdúgbò yín kí ẹ tó pinnu láti dákẹ́. Ìgbà tí ògiri bá gbẹ ni kí á tó máa sọ̀rọ̀ àwọ̀.

Ó dára, ògiri ti gbẹ. Kí ni kí á yàn?

N kò ní yan àwọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n ó sọ ohun tí mo ti kọ́. Epo pupa ni ọ̀gá nínú ilé ìdáná wa, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ohun tí ó mú un pọ́n jẹ́ ẹbí ohun tí ó wà nínú kárọ́ọ̀tì, oòrùn a sì máa pa á rẹ́: bí ẹ bá sá abọ́ ike tí ọbẹ̀ ti ràn sí oòrùn fún ọjọ́ díẹ̀, yóò ṣí. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé ògiri sá. Nítorí náà, ẹ̀yìn sítóòfù kò yẹ kí ó jẹ́ funfun, kò sì yẹ kí ó jẹ́ ọ̀dà tí kò dán. Ọ̀dà tí kò dán a máa mu epo bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń mu omi. Èyí tí ó dán díẹ̀ ṣeé nù. Bí ẹ bá lo táìlì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dí àárín rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni epo yóò kọ́kọ́ jókòó sí. Àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé tí ó dúdú minimini, àwọ̀ ilẹ̀ pupa Ìbàdàn, gbogbo wọn ni ó lè bá epo gbé láìjà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìmọ́lẹ̀ yín. Ìmọ́lẹ̀ tí ń gba fèrèsé tí ó kọjú sí àríwá wọlé ní ilẹ̀ yìí a máa tutù, a sì máa sọ àwọ̀ eérú di ìbànújẹ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àwọ̀ tí ó gbóná. Èyí tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn lè gba búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Ẹ má ṣe gbára lé káàdì kékeré inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ra ìgò ọ̀dà kékeré kan, ẹ fi kun páálí ńlá, kí ẹ gbé e ti ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wò ó ní òwúrọ̀, ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá tan gílóòbù ní alẹ́. Mo ti rí àwọ̀ tí ó jẹ́ ìyeyè ní ọ̀sán tí ó di àwọ̀ ẹ̀bà ní alẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé ìròyìn tí ó rẹwà kì í sọ. Ìyá wa tí ó ti lé ní 70 ọdún, tí ó wá láti ilé láti bá wa tọ́jú ọmọ, ojú rẹ̀ kò mú bíi tiwa mọ́. Bí abọ́ funfun bá wà lórí òkúta funfun, kò ní rí etí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń dán gbinrin, yóò rò pé omi ni, yóò máa rìn bí ẹni tí ń tọ orí yìnyín. Àwọn tí ń tọ́jú arúgbó tí ọpọlọ wọn ti ń gbàgbé nǹkan mọ̀ pé ẹní dúdú lórí ilẹ̀ lè jọ ihò lójú wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ilẹ̀ yàtọ̀ sí ti kọ́bọ́ọ̀dù, kí ti orí kọ́bọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí ti abọ́. Kò ná yín ní kọ́bọ̀ kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ilé háyà ni tiwa." Ẹ ka ìwé àdéhùn yín. Púpọ̀ nínú ilé káńsù ni ó gba ayálégbé láyè láti kun inú ilé rẹ̀. Bí onílé aládàáni ni, ẹ kọ̀wé béèrè, ẹ sì tọ́jú èsì rẹ̀. Ìlànà tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2000 fún ilé ará ìlú ka ilé ìdáná tí ó ti ju 20 ọdún lọ sí èyí tí kì í ṣe ti ìgbàlódé mọ́; nígbà tí wọ́n bá sì wá pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sábà máa ń mú káàdì àwọ̀ díẹ̀ wá kí ayálégbé yàn. Ẹ má ṣe dáhùn kíákíá nítorí pé ẹ fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi káàdì náà sílẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi ti iléèwé dé. Bí onílé bá kọ̀ pátápátá, aṣọ fèrèsé ṣì wà, àdìrẹ ṣì wà, bí ó bá ti jìnnà sí iná. Sí àwọn tí ń ro ti ẹni tí yóò ra ilé lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀: garawa ọ̀dà méjì àti ọjọ́ Sátidé kan ni yóò sọ ògiri di eérú fún un nígbà tí ó bá dé. Ẹ kò lè fi ọjọ́ Sátidé kan dá ọdún mẹ́wàá ọmọ yín padà.

Ní ti ilé wa, nígbà tí mo fẹ́ tún un kùn, mo da àwọn káàdì àwọ̀ sórí tábìlì, mo sì pe ọmọ mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ àwọ̀. Kíákíá ni wọ́n lo funfun, dúdú àti pupa tán. Wọ́n wá kọjú sí mi. Mo ní àwọ̀ ewé, wọ́n ní ewé wo? Ewúro àbí ṣọkọ̀ yòkọ̀tọ̀? Mo ní àwọ̀ aró, wọ́n ní kí ni aró? Wákàtí kan kọjá. Nígbẹ̀yìn, ọmọkùnrin náà fi ìka kan káàdì kan, ó ní, "Mọ́mì, èyí kì í ṣe pupa dáadáa." Mo ní àwọ̀ ìyeyè ni. Ó ní, "Kí ni ìyeyè?" Ẹnu mi wọlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti jẹ ẹ́ títí ahọ́n mi fi bó, ṣùgbọ́n n kò mọ bí n ó ṣe fi yé ọmọ tí a bí sí Woolwich.

Ni a bá tẹ ìyá mi láago ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Màmá rẹ́rìn-ín títí, ó wá ṣàlàyé òórùn rẹ̀, kíkan rẹ̀, bí ó ti ń já lulẹ̀ lóru, àti bí èmi ti sọ òkò sí i tí òkò náà fi bá páànù aládùúgbò. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọmọ mi fi wà lórí fóònù. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, "Ẹ kú alẹ́, Màmá" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i kì í kọjá. A ra táìlì àwọ̀ ẹtù sí ẹ̀yìn sítóòfù, a sì fi ìyeyè kun gbogbo ìyókù. Ó ti rí epo, kò sì tíì sí ẹni tí ó ké mọ́ ẹnikẹ́ni. Màmá ń bọ̀ wá kí wa ní oṣù Kẹjọ. Ó ní òun kò gba fọ́tò gbọ́. Òun fẹ́ wá fi ojú ara òun wò ó bóyá ìyeyè ni lóòótọ́, tàbí a lọ kun ọsàn.